Eyín Tí Kò Jẹ́ Kí N Rẹ́rìn-ín Lójú Àna

Fausiatou ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìlú Abidjan tó gbà ọ́ sílé. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní Marcory? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ. Àgbàdo wa ti yọ. Ìyá rẹ wà, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀, ó ní èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ jẹ́.

Òótọ́ ló sọ. O rántí ìgbà tí o fi takisí gbé mi lọ sọ́dọ̀ Huguette, dókítà eyín, pé kó tún eyín iwájú mi tó kán ṣe? Ọmọ yẹn fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fọ àwọ̀ obì kúrò lára gbogbo eyín mi, nítorí eyín ṣeé fọ̀ kó mọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ tí a bá yàn fún ohun tí òun fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn kò ní yí padà mọ́ láé. Mo ní ogójì ọdún ni mo fi jẹ obì, kí ó má fọ̀ ọ́ dànù láàárọ̀ kan. Ló bá yan àwọ̀ obì fún un, ó kọ A àti mẹ́rin, orúkọ àwọ̀ náà lọ́dọ̀ wọn, sórí ìwé. Mo rò pé ipò kẹrin ni eyín mi gbà, inú mi dùn, nítorí èmi fúnra mi kò gba ipò kẹrin rí nílé ìwé.

Nígbà tí àwọn òbí Mouritala, àfẹ́sọ́nà rẹ, fẹ́ rí mi lórí fóònù, mo ní kí n gbayì lójú àna. Mo fi obì sílẹ̀, mo lọ fọ eyín ní ọsibítù. Gbogbo wọn mọ́, àfi àtúnṣe yẹn tó dúró láàárín wọn bí awẹ́ obì. Mo rò pé oòrùn á jẹ́ kó ṣá bí aṣọ, ni mo bá la ẹnu sí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ètè mi ló bó.

Bí wọ́n ṣe yọjú, mo gbé fóònù sókè kí wọ́n lè máa wo fìlà mi nìkan. Wọ́n dápàárá, n kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí bóyá mo fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà, mo pa ẹnu dé, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló máa gbọ́ èdè fìlà? Wọ́n ní mo kọ ọmọ àwọn.

N kò kọ̀ ọ́, ọmọ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ojú ló tì mí, mo sì fi ohun tí kò tó èékánná da ayọ̀ rẹ rú. Dárí jì mí.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe owó eyín. Má fi sí báǹkì, ẹ̀rọ wọn gbé káàdì mi mì, mo ṣì ń dúró kó pọ̀ ọ́. Mo fẹ́ wá jókòó níwájú wọn ní Treichville, kí n la ẹnu gbàgà, kí n sọ pé mo fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹni tó bí ọ di ìdènà rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àbdùlláhì.