Oko Mi Tó Wà Lórúkọ Jẹ́jẹ́

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà
Orúnkún ṣì wú. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé. Jẹ́jẹ́ wá kí mi — àfẹ́sọ́nà ọmọ mi, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ̀. Ó ní ilé ìtajà géèmù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń fi géèmù oko dídá tọrẹ lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀fẹ́ gbáà. Ó fi àkáǹtì tirẹ̀ gbé e sórí kọ̀ǹpútà mi. Mo dúpẹ́, àmọ́ mi ò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, géèmù. Mo ti sọ fún ọmọ mi tipẹ́ pé kó wo ibòmíràn.

Àbámẹ́ta, 8
Mo gbin tòmátì. Ó hù.

Ìṣẹ́gun, 11
Màlúù ti di mẹ́ta. Mo sọ ọ̀kan ní Olùbẹ̀wò, torí bó ṣe ń wò mí ló jọ ti àwọn tó máa ń wá yẹ ilé ẹ̀kọ́ mi wò nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Àwọn tí a jọ fẹ̀yìn tì wá kí mi lónìí, wọn ò tètè lọ. Mi ò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ wọn. Wàrà ni mo fẹ́ lọ fún.

Ẹtì, 14
Adájọ́ ti ibi iṣẹ́ dé. (Láti kékeré ni mo ti ń pe ọmọ mi bẹ́ẹ̀, ó máa ń dájọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́.) Ó ní òun àti Jẹ́jẹ́ ti pín gààrí. Jẹ́jẹ́ tún fi òun sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti fẹ́ pàdé, ó ń bá ẹnì kan tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. “Ẹ kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì.”
Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo padà sóko mi. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo rántí pé orúkọ Jẹ́jẹ́ ni àkáǹtì náà wà.

Àbámẹ́ta, 15
Ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ gbé géèmù náà wá, mo bi í bóyá wọ́n á wá gbà á padà. Ó ní: “Ẹ ò ni ín, mà. Èmi náà ò ni ín. Wọ́n kàn gbà wá láyè ká máa wọlé ni.” Mo rò pé àwàdà ni. Ṣé ayálégbé wá ni Jẹ́jẹ́, èmi wá ń gbé lọ́dọ̀ ayálégbé? Tó bá yí páswọ́ọ̀dù rẹ̀ padà, Olùbẹ̀wò lọ nìyẹn.
Nídìí oúnjẹ alẹ́ mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé sùúrù dára, pé èèyàn tó ń ranni lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ṣọ̀wọ́n. Adájọ́ bi mí bóyá oògùn orúnkún ti ń gùn mí lórí.

Ajé, 17
Kọ̀ǹpútà lé mi síta láàárọ̀. Ó ní ẹnì kan ń lo àkáǹtì náà níbòmíràn. Jẹ́jẹ́ wà lóko mi!
Ìgbà tí mo rọ́nà wọlé, gbogbo tòmátì ti mumi. Ó ri pátákó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kànga: “Ẹ ǹlẹ́ mà. Ṣé orúnkún ti ń san? Mo bá yín bomi rin wọ́n.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ri tèmi sí i: “Ó ń san. Koríko tí o ń fún Olùbẹ̀wò ti pọ̀ jù.”

Ọjọ́rú, 19
Pátákó ti kún inú oko. Jẹ́jẹ́ ní òun mọ̀ pé òun jẹ̀bi, òun ò mọ bí òun ṣe máa bẹ Adájọ́ ni. Mo kọ́ ọ bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ iléèwé: tètè dé, má ṣàlàyé, bẹ̀bẹ̀ nìkan. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ni yóò fi lọlẹ̀ lọ bá a. Kí n sọ òótọ́, torí oko ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé torí oko nìkan ni.

Ọjọ́bọ̀, 20
Adájọ́ ní wọ́n tún ti ń fi géèmù yẹn tọrẹ. Ó ti ṣí àkáǹtì fún mi, lórúkọ èmi gan-an. “Ẹ ti ní tiyín báyìí, Mọ́mì. Ẹ fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀.” Ó ti mọ̀ látìgbà yìí pé àkáǹtì Jẹ́jẹ́ ni mo ń lò.
Mo wọlé. Ilẹ̀ gbalasa, òkúta, igbó. Kò sí Olùbẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè orúnkún. Omi lé sí mi lójú, ìyá àgbà bíi tèmi. Mo tì í, mo padà sí ti Jẹ́jẹ́.

Àbámẹ́ta, 22
Látàárọ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń lé mi síta. Kí ni Jẹ́jẹ́ ń ṣe níbẹ̀ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Mi ò rẹ́ni fẹjọ́ sùn. Adájọ́ ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí.

Àìkú, 23
Mo rọ́nà wọlé. Wọ́n ti hú gbogbo pátákó wa. Ẹyọ kan ló kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olùbẹ̀wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu Jẹ́jẹ́:
“Mo ti kà á tán, láti kànga dé ilé màlúù. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jẹ̀bi. Ìwọ, máa bọ̀ ní agogo mẹ́rin òní. Mọ́mì, ẹ wọ aṣọ gidi.”
Mi ò tiẹ̀ rò ó rí pé Adájọ́ náà mọ páswọ́ọ̀dù ọkọ rẹ̀.
Agogo mẹ́rin kò tíì lù. Mo ń wo Jẹ́jẹ́ láti ojú fèrèsé, ó ti dúró sẹ́nu géètì, ẹ̀rù ń bà á láti kanlẹ̀kùn. Adájọ́ ṣì ń ya irun. Aṣọ gidi ti wà lọ́rùn mi. Mo ń sọ̀kalẹ̀ lọ ṣílẹ̀kùn fún un; kí dókítà máa bínú.