Ohun Tí Mo Dá Padà Sórí Ìkànnì Wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi láṣìírí.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tọ́jú ìkànnì ayélujára ilé ìwòsàn ojú kan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ bí ìgbín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo ń dá lẹ́bi. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ìkànnì yìí tó ṣí, ó ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ìkànnì mẹ́sàn-án mìíràn níta, a ò sì nílò ìkankan nínú wọn." Ó yọ wọ́n, ìkànnì sì ń ṣí kíákíá. Láti ọjọ́ náà, òun ṣáá ni ọ̀gá ń pè.

Olóòtú, owú jẹ mí dé eegun. Mo yọ́ dá ọ̀kan padà, èyí tó lọ́ra jù. Ìkànnì tún falẹ̀, àwọn aláìsàn ò rí ọjọ́ àtirí dókítà gbà lórí rẹ̀ mọ́, ọ̀gá sì bú ọmọ náà níṣojú gbogbo wa pé òun ló bà á jẹ́. Ó wá bá mi tomijé tomijé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù."

Mo yọ ọ́. Ọ̀gá yìn mí, ọmọ náà dúpẹ́ títí. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìkànnì mọ́.

Tí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́, ká ní àbúrò yín ni mo ṣe báyìí fún, kí lẹ máa fẹ́ kí n ṣe?