Ọmọ Mi Tó Ń Pa Òkun Láró

Òwu-Ìsin,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Asisat Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Kí o tó ka ohunkóhun nísàlẹ̀, kò sí ẹni tó kú. Mo ní kí Mary kọ ìyẹn sókè pátápátá nítorí mo mọ̀ ọ́, bí o bá ti rí ìwé láti ilé, àyà rẹ á ti máa já kí o tó tú u. Ara mi le, ara ẹ̀gbọ́n rẹ Àbúdùlàhí le, àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń ba ilé jẹ́ bó ṣe yẹ. Èmi náà ń ṣe àdúà fún ọ pé kí ilẹ̀ Èkó gbà ọ́, kí omi tí ò ń dúró tì yẹn má ṣe mọ orúkọ rẹ, kí iṣẹ́ rẹ ní àlùbáríkà, kí o sì máa jẹun àárọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọlọ́hun á gbà á.

Mary ìyàwó Bámigbóyè, tíṣà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló ń bá mi kọ ọ́. O lè ní kí ló dé tí n kò pè ọ́ lórí fóònù. Ṣebí mo ń pè ọ́. Bí mo bá ti fẹ́ dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, o ó ní Mọ́mì, ẹ jẹ́ n pè yín padà, ó di ọjọ́ Jímọ̀ kejì kí n tó tún gbóhùn rẹ. Ìwé kò ní lè sọ fún mi pé òun ń pè mí padà. Ọ̀rọ̀ ojú mi ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ojú mi kò dára, Asisat, dókítà sì fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn án, mo wá ní kó dúró ná kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá o lè bá mi tún un ṣe nínú kọ̀ǹpútà rẹ. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe sọ ọ́ yìí kò níí yé ọ, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi òkun.

Fídíò òkun tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Àbúdùlàhí dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rọ tó ń fò tí ẹ fi ya á, èyí tí ẹ ń pè ní dróònù, mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ láìdáa. Mo ní ọmọ mi kì í fò o, ilẹ̀ ló ń dúró sí, nǹkan náà ló ń rán lọ wo òkun, bó bá wò ó tán á padà wá jábọ̀ fún un. Ìyá àgbà ilé Ògúnlẹ́yẹ bi mí pé kí ló ń jẹ, mo ní iná ẹ̀lẹ́kítíríkì ni. Ó ní ebi ì bá ti pa á kú ká ní ọ̀dọ̀ wa níbí ló ń gbé. Èmi fúnra mi, àṣá ló ń kó ìdààmú bá mi. Adìyẹ mẹ́ta ni àṣá gbé nínú ilé yìí lóṣù tó kọjá, àwọn yẹn kò sì ní kámẹ́rà nídìí. Bí a ṣe ń pa àwọn òròmọdìẹ láró pupa kí àṣá má baà fọwọ́ kàn wọ́n, ó yẹ kí ẹ bá ẹ̀rọ yín ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n ṣe l'Ékòó, gbé e wá fún mi nígbà tí o bá ń bọ̀.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé o ní lẹ́yìn tí o bá ya òkun tán, o máa ń jókòó fún odindi ọjọ́ méjì tí o ó máa tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, àwọn ènìyàn sì ń sanwó rẹ̀. Ìwọ Asisat. Ìwọ tí o sá fún aró. Ìwọ tí o jókòó sẹ́yìn ilé tí ò ń sunkún ní pírámárì fáífù pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń pè ọ́ ní ọlọ́wọ́ aró, tí ò ń fi iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó ọwọ́ títí awọ fẹ́ẹ̀ bá a lọ. O ní láéláé, ìwọ kò ní ṣe iṣẹ́ ìyá rẹ. Mo kàn ń wò ọ́ ni. Aṣọ ló wà lọ́wọ́ tèmi, òkun ló wà lọ́wọ́ tìrẹ, èwo ni ìyàtọ̀? Níwọ̀n ìgbà tí a ti wá di aláró méjì, mo ní ìbéèrè díẹ̀. Ewé ẹ̀lú mélòó ni òkun ń mu? Ṣé kì í ṣá bí òjò bá rọ̀ sí i? Ta ló sì fún yín láṣẹ, nítorí níbí, bí o bá pa aṣọ aláṣọ láró láì bi í, ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni ẹ ó ti yanjú rẹ̀. Àbúdùlàhí ní kì í ṣe òkun gan-an lò ń pa láró, àwòrán rẹ̀ ni. Mo ní a gbọ́, ẹni tó bá wá wo òkun nítorí àwòrán náà ńkọ́, tó bá a tó ṣá, ṣé ẹ máa ń dá owó ọkọ̀ rẹ̀ padà?

Ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe o. Inú mi ń dùn sí ọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tí o fi òkun méjì ránṣẹ́, tí o ní èkíní ni bó ṣe rí kí o tó fọwọ́ kàn án, èkejì ni èyí tí o tún ṣe, kí Mọ́mì sọ èyí tó dára jù nítorí Mọ́mì ló mọ àwọ̀ jù láyé. Mo ní kí Àbúdùlàhí ka ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí Mary náà lè gbọ́ dáadáa. Mo fi etí ìró mi nu fóònù. Wọ́n fi èkíní hàn mí, mo rí omi. Wọ́n fi èkejì hàn mí, gbogbo àwọn tó dúró lẹ́yìn mi pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní ẹ wo àyìnrín, ẹ wo bó ṣe ń dán. Mo ní hẹn, ó dára. Àjọkẹ́, ọ̀kan náà ni méjèèjì lójú mi. Àwọ̀ omi ògì tó ti kan ni mo rí nínú èkíní, òun náà ni mo rí nínú èkejì. Mo ní oòrùn ló ń tàn sójú fóònù, mo gbé e wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì wò ó títí fóònù fi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi tí mo kọ́ ọ ní òféfèé tó fúyẹ́ jù, àyìnrín tó tẹ̀lé e àti ẹtù tó dúdú jù kí o tó mọ A B D. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo sunkún díẹ̀, mo sì jáde wá sọ fún wọn pé méjèèjì ló dára.

Nígbà náà ni mo rántí Ìyá Gbóyèga ará Òkè-Ọdẹ, oníbàárà mi láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́. Lóṣù tó kọjá ló gbé ìró mẹ́fà padà wá bá mi ní ọjà Òmù-Àrán, ó ní àyìnrín lòun ní kí n pa á sí, mo pa á dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo bá a jà. Mo ní ogbó ti ń bá ojú rẹ̀ jà, kó lọ wo ojú kó tó máa ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Gbogbo ọjà gbọ́. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀. Ojú ara mi ni mo ń bú níbẹ̀, n kò sì mọ̀.

Mo sọ fún Àbúdùlàhí, ó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan ní Ìlọrin. Wọ́n ní kí n fọwọ́ bo ojú kan, wọ́n fi àwòrán tó dà bí fọ́ọ̀kì hàn mí lára ògiri, ńlá àti kékeré, kí n máa sọ ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Mo gba gbogbo àwọn ńlá yẹn. Nígbà tó kan àwọn kékeré, mo ní kí wọ́n má bínú, ọwọ́ ni àwa fi ń jẹun nílé wa. Dókítà, ọmọdé kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, tan iná sójú mi, ó ní awọ kan ti bo ẹyinjú mi méjèèjì, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, òun ni kì í jẹ́ kí aró wọlé. Ó ní òun á fi ọ̀bẹ yọ ọ́, òun á sì fi rọ́bà tín-ín-rín kan rọ́pò rẹ̀. Mo ní rọ́bà, nínú ojú èmi Rùkáyátù, bí ẹni ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́? Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá. Wọ́n ní kí n dárúkọ ẹni tó sún mọ́ mi jù, Àbúdùlàhí ti ń na ọrùn, mo ní Mary ni, nítorí títì kan péré ló là wá láàárín, Àbúdùlàhí sì ń gbé ní òpin àdúgbò. Ó kọjú sí fèrèsé ọkọ̀ títí a fi délé.

Kí n tó tẹ̀ka ni mo ní kí dókítà dúró. Mo ní mo ní ọmọ kan l'Ékòó tó ń tún àwọ̀ odindi òkun ṣe láì fọwọ́ kan omi, ojú méjì kò níí ṣòro fún un. Mo ní kí Àbúdùlàhí ya ojú mi sínú fóònù, á fi ránṣẹ́ sí ọ, bá mi fi aró sí i kí o dá a padà. Dókítà rẹ́rìn-ín, Mary náà ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mo mọ̀ pé kò ṣeé ṣe. Inú ọkọ̀ tí a fi ń bọ̀ ni mo ti mọ̀. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ló ń bà mí, ọmọ mi. Mo ń rò ó pé kí ìwọ̀nba tó kù yìí má lọ bá a lọ, kí n má di ẹni tí wọ́n á máa fà lọ́wọ́ lọ sídìí ìkòkò aró tó jẹ́ tirẹ̀. Bí n kò bá mọ àwọ̀ mọ́, n kò mọ ohun tí mo tún jẹ́.

Lọ́jọ́ Àtìní ni mo rán Àbúdùlàhí sí Òkè-Ọdẹ kó bá mi bẹ Ìyá Gbóyèga. Òjò ti ba ọ̀nà náà jẹ́, ọ̀kadà ló gùn lọ. Àṣé obìnrin náà á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bọ̀ wá, pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Mo rò pé ìjà ló gbé wá. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní Rùkáyátù, òun ti lọ wo ojú o, kí n tó bú òun lójú ọjà pàápàá lòun ti lọ, láti ọdún tó kọjá, lọ́dọ̀ ọmọ òun n'Íbàdàn. Ó ní rọ́bà ló wà nínú méjèèjì tí òun fi ń wò mí yẹn, ìdí nìyẹn tí òun fi mọ̀ pé aṣọ òun kì í ṣe àyìnrín. Mo la ojú rẹ̀ bí ẹni ń yẹ ewúrẹ́ wò, n kò rí rọ́bà kankan, àmọ́ kí ni mo tiẹ̀ ń rí? Ó ní ọ̀bẹ náà kò dunni tó kí eèrà jẹni. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, òun rí gbogbo eruku tó wà lórí àga ìyàwó ọmọ òun, òun sì bá a bínú fún oṣù kan gbáko. Níbẹ̀ ni mo ti gbà á gbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí ìjà, kí n ṣáà pa aṣọ òun padà sí bó ṣe yẹ kó rí.

Nítorí náà, mo padà sí Ìlọrin lánàá, mo ti tẹ̀ka. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá. Bá mi wá owó rọ́bà náà. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n á dín in kù bí mo bá ra méjèèjì pọ̀, wọ́n ní kì í ṣe ọjà. Fi í ránṣẹ́ sí Àbúdùlàhí, má fi sínú káàdì mi, nítorí ẹ̀rọ báńkì Òmù-Àrán bi mí níjọ́sí bóyá mo tún fẹ́ nǹkan mìíràn, mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún un, kò ṣe ọ̀kankan níbẹ̀. Fi owó ọkọ̀ wa kún un, kí o sì rántí ọsẹ ìfọṣọ Mary, kò gba kọ́bọ̀ lórí ìwé yìí.

Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí o ṣe àárẹ̀ tí owó kò níí ká. Ohun tí o bá rán lọ sókè á máa padà sọ́wọ́ rẹ láyọ̀. Àwọn tí yóò wo iṣẹ́ rẹ kò ní tán, àwọn tí yóò tọ́jú rẹ náà kò ní tán.

Ohun kan ló kù. Dókítà ní ọjọ́ kejì ni wọ́n á tú báńdéèjì. Mo fẹ́ kí o wà níbẹ̀, kí o má pè, kí o wá. Gbé òkun méjèèjì dání. Èyí tí o kò fọwọ́ kàn ni kí o kọ́kọ́ fi hàn mí, kí n rí bí Ọlọ́hun ṣe pa tirẹ̀ láró. Lẹ́yìn náà fi tìrẹ hàn mí, kí o sì dúró gbọ́ ọ, nítorí bí aró rẹ bá pọ̀ jù, mo máa sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rùkáyátù aláró.