Wọ́n Kí Mi, Mo Ju Okùn sí Wọn

Èmi ni mo ju okùn yẹn, kì í ṣe Tápà tí wọ́n lù. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ mi, ẹ ṣáà gbà mí nímọ̀ràn, nítorí n kò lẹ́nìkan tí mo lè sọ ọ́ fún ní gbogbo ìlú yìí.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ni mo ti mọ̀wé díẹ̀, ìwé yẹn náà ló gbé mi dé Lọ́kọ́ja, ìlú tí n kò ti ní bàbá, tí n kò ti ní ìyá, tí mo bá béèrè ọ̀nà lọ́jà, ẹnìkan á fi Haúsá dá mi lóhùn, ẹnìkan á fi Ígálà, ẹ̀kẹta á wò mí títí á sì bá tirẹ̀ lọ... Òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ ló gbà mí síṣẹ́. Ó nílé o! Ilé pákó létí odò, tó ní ibùsùn, tó ní ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ó ní afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ kò dára, ó ní kí a kó ẹrù gun Òkè Pátì, kí a lọ máa gbé inú àgọ́ aṣọ bí ẹni tí ogun lé kúrò nílé. Ta ló nílé tó ń sùn nínú igbó? Bí ará Ọ̀yọ́ kan bá bá mi níbẹ̀ ńkọ́, kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹ̀fọn ń jẹ mí, òkúta ń gún mi lẹ́yìn, èèrà ń wọ inú oúnjẹ mi. Èmi ni olórí àwọn tó ń pa àgọ́, èmi ni mo ń kan èèkàn, èmi ni mo ń fa okùn. Mo kórìíra òkè yẹn, mo kórìíra Lọ́kọ́ja, mo sì kórìíra àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ tó ń dáko lẹ́bàá wa, nítorí Yorùbá wọn kò dà bí tèmi, mo sì gbà pé tèmi ni ojúlówó. Bí mo ṣe rí nìyẹn. N kò ní parọ́ fún yín.

Àwọn ará ibẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ kí ènìyàn, "Òkun o" ni wọ́n ń wí. Àárọ̀ ni o, ọ̀sán ni o, òkun náà ni. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé, ọkùnrin kan ń kọjá lọ, ó ní òkun o. Okùn àgọ́ ló wà lọ́wọ́ mi, mo ṣe bí òun ló ń tọrọ, mo nà án sí i. Ó wo okùn, ó wò mí, ojú rẹ̀ yí padà, ó sì yára lọ. Ọmọ Bùnú kan, ìbátan àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kíkí ni wọ́n kí mi, kí n dáhùn ni, àti pé kí n má tún na okùn sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́ láyé mi, nítorí okùn ni àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà fi ń so wọ́n lọ́rùn tí wọ́n bá wá kó wọn lẹ́rú, kò sì sí ilé kan ní abúlé yẹn tí wọn kò ti mú ènìyàn. Ọmọ Bùnú yẹn ti bá ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Nítorí náà, èmi nìkan ló kù tó mọ̀ pé mo mọ̀. Àṣìṣe ni ti àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn... ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe àṣìṣe.

Bàbá arúgbó kan wà tí a ń pè ní Bàbá Oníṣu, torí òun ló ń gbé iṣu wá fún wa. Ó ti sọ fún mi pé ibi tí mo pa àgọ́ òyìnbó sí, ojú àgbàrá ni. Mo ní kí ni àgbẹ̀ mọ̀ nípa àgọ́? Àfi bí òjò ṣe rọ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, tí àgbàrá gba abẹ́ ibùsùn òyìnbó kọjá, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ, ó gbé ìwé tó ń ya ilẹ̀ sí lọ, èèkàn hú, àgọ́ sì wó lé e lórí. Òyìnbó bú mi lójú gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ mi. Ìgbà náà ni Bàbá Oníṣu dé, ògbufọ̀ òyìnbó bi í léèrè, bàbá ní ṣebí òun kìlọ̀ fún mi, èmi ni mo kọ etí ikún. Òótọ́ ló sọ o. Òótọ́ yẹn gan-an ló dùn mí. Òyìnbó ní bí mo bá tún ṣe ohun kan tí kò dára, kí n sọ̀kalẹ̀ kí n máa lọ. Mo sì di bàbá yẹn sínú.

Ní ọjọ́ kẹta, mo wà nínú àgọ́ tí a ń kó ẹrù sí, mo ń ká okùn. Mo gbọ́ ohùn bàbá lóde, ó ní òkun o, ẹ̀yin ará ibí. Mo ní nínú ara mi pé, okùn lo fẹ́, àbí? Gbà. Mo ju odindi ìdì okùn kan jáde láìyọjú, ó sì bọ́ síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fọwọ́ bo ẹnu, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ta ló wà lóde? Kúkù wa ni, ẹni tó ń se oúnjẹ fún òyìnbó. Ọmọ Tápà ni, ilà Tápà wà lójú rẹ̀ gbọọrọ, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹja ló ń là. Bàbá gbójú kúrò lára okùn, ojú Tápà ló rí. Ó ju iṣu sílẹ̀, ó sáré, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn! Wọ́n ti fi okùn wọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì lọ lójú rẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́ ìyẹn... àbí mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀? Mo rò pé mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Oòrùn kò tíì dé àtàrí tí àwọn ọkùnrin abúlé fi dé pẹ̀lú kùmọ̀. Wọ́n ní amí ni Kúkù, pé ó wá wo ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́ṣin. Àwọn obìnrin wọn ti kó ọmọ sá wọ inú àpáta. Kúkù kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, Yorùbá rẹ̀ kò ju iná, omi, àti oúnjẹ ti jinná lọ. Tápà ló fi ń bẹ̀ wọ́n. Èdè tí wọn kò fẹ́ gbọ́ sétí gan-an ló fi ń bẹ̀ wọ́n! Wọ́n ṣẹ́ ẹ lápá ọ̀tún. Èmi ńkọ́? Mo dúró sẹ́yìn àgọ́. Mo yọjú, mo ń wò wọ́n. Òyìnbó yìnbọn sókè kí wọ́n tó tú ká. Ó bi mí bóyá mo mọ bí okùn ṣe dé ibẹ̀, mo ní n kò sí nítòsí. Ó lé Kúkù lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ní òun kò fẹ́ ìjà pẹ̀lú àwọn onílẹ̀.

Èmi ni mo gbé e sọ̀kalẹ̀. Inú yàrá kan tí mo gbà nítòsí ọjà ló wà báyìí, èmi ni mo ń bọ́ ọ, èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, gbogbo àdúgbò ń yìn mí pé irú ènìyàn báyìí ṣọ̀wọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́ ni mo rí àpá lọ́rùn rẹ̀, ó yí ọrùn ká. Òun náà, wọ́n ti mú un lẹ́rú rí! Àwọn ẹlẹ́ṣin kan náà ló sá fún tó fi dé Lọ́kọ́ja. Àwọn àgbà Ọ̀wọ́rọ̀ sì ti ránṣẹ́ pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú àwọn kí wọ́n tó jẹ iṣu tuntun, bí kò bá wá, kó kúrò nílùú. Bó bá kúrò ní Lọ́kọ́ja, ibo ni yóò lọ, bí kò ṣe ọwọ́ àwọn tó sá fún?

Níjẹta ló pè mí sídìí ẹní rẹ̀, ó fi Haúsá ọjà tí àwa méjèèjì gbọ́ díẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu mi kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi sọ ọ́. Wọ́n á gba tiyín gbọ́." Mo ní ó dára. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ẹ gbà mí o. Bí mo bá ní èmi ni, iṣẹ́ lọ, kùmọ̀ yẹn sì wà níbẹ̀, ta ló sọ pé apá mi kò ní ṣẹ́? Ṣé kí n purọ́ mọ́ ọmọ Bùnú tó ti lọ? Ṣé kí n kó ẹrù mi padà sí Ọ̀yọ́ kí ọjọ́ tó pé? Tàbí kí n sọ ọ́ fún Kúkù nìkan... ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó? Iṣu ti ń ta nínú oko, ẹ má pẹ́ kí ẹ tó fèsì. Àná ni mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá a lẹ́yìnkùlé, ó jókòó ti igbá omi, ó ń fi ọwọ́ òsì nìkan fọ agbádá tí mo máa wọ̀ lọ gbẹnu sọ fún un níwájú àwọn àgbà.