Gìtá Ọlọ́wọ́ Ọ̀tún

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Àjà Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Iṣẹ́ Búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án.

Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi bí ìyekan,

Báwo ni orúnkún rẹ? Òun ni mo kọ́kọ́ bèèrè, nítorí mo mọ̀ pé ara tó kù yóò máa bá ọ rẹ́rìn-ín bó ti wù kó rí. Baba ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ilé tuntun náà kò jò mọ́? Mo gbà á ládùúrà pé àlàáfíà ni gbogbo yín wà. Èmi náà wà. Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ bí ọ̀sán bá ti rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tíì dilẹ̀, a dúpẹ́.

O bèèrè nípa ọmọ àbúrò mi nínú lẹ́tà rẹ, mo sì ti jẹ ọ́ ní èsì láti oṣù méjì. Kì í ṣe owó sítáǹbù ni mo ń ṣọ́, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ló wúwo.

Ó ti di oṣù mọ́kànlá tí àbúrò mi ti fi wá sílẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó dé, pẹ̀lú báàgì kan àti ìrọ̀rí kan. Kò yájú, kò ya ọ̀lẹ. Tí mo bá pè é, á jẹ́ mi. Tí mo bá rán an, á lọ. Ṣùgbọ́n ká jókòó ká jọ sọ̀rọ̀, kò sí. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ka iye ìgbà tó la ẹnu sí mi láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ìgbà mọ́kànlá ni, mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ sì jẹ́ "Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

Nígbà tí tíṣà tó ń kọ́ wọn lórin níléèwé ránṣẹ́ pè mí, àyà mi já. Àṣé ire ni. Ó ní bí wọ́n bá ti jáde, ọmọ náà á dúró nínú kíláàsì, á gbé gìtá iléèwé, á sì máa kọrin sí i. Mo ní kó tún un sọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, orin, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ó ní ìsinmi gígùn ń bọ̀, wọ́n á ti gbogbo ohun èlò orin mọ́ inú yàrá. Bí mo bá lè wá gìtá kan fún un, ọwọ́ rẹ̀ kò ní kú. Ẹlẹ́rìn-ín, mo fẹ́ gbọ́ ohùn yẹn nínú ilé mi. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ìwọ lo sọ mí ní Oníṣírò, o sì mọ̀ pé iye aṣọ tí mo máa rán ni mo fi ń ka owó. Ní ìsọ̀ àkọ́kọ́, létí títì ńlá, èyí tó rọjú jù lọ níbẹ̀ jẹ́ owó aṣọ mẹ́tàlélógójì. Mo kí wọn, mo jáde. Ní ìkejì, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré ọmọdé, wọ́n ní kan tí wọ́n kùn ní pupa, aṣọ mẹ́fà péré. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n mo fi èékánná kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó dún bíi páálí bàtà. Mo yí èèkàn tí wọ́n fi ń fa okùn rẹ̀ le, ó tú ara rẹ̀ padà. Aṣọ mẹ́fà tó máa bàjẹ́ lóṣù méjì wọ́n ju aṣọ méjìlá tó máa lo ọdún márùn-ún lọ. Ìyẹn kò gba ìwé púpọ̀.

Ìsọ̀ kẹta ló dáa. Ó há bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá arúgbó kan ló wà níbẹ̀ tó ń tún gìtá àlòkù ṣe, tó sì ń tà wọ́n. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí n fi ojú kan tẹ̀lé ọrùn rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ti òwú bọ abẹ́rẹ́, kí n mọ̀ bóyá ó tọ́. Ó ní kí n tẹ okùn mọ́lẹ̀ láàárín ọrùn náà. Bí okùn bá jìnnà sí igi jù, ìka ọmọ á bó. Okùn ọ̀rá ni kí n gbà fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kì í ṣe wáyà. Èmi náà yọ téèpù mi, mo wọn ikùn rẹ̀, mo wọn ọrùn rẹ̀, nítorí mo ti wọn apá ọmọ náà nílé, mo fi búláùsì bojú. Bàbá náà wò mí títí, ó ní ṣé aṣọ ni mo fẹ́ dá fún gìtá òun. Mo ní bó bá máa dín owó rẹ̀, n ó dá aṣọ fún un, n ó sì rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó dín in. A fà á títí ó fi di aṣọ mẹ́rìndínlógún.

Kó tó wé e, ó bèèrè pé, "Ọwọ́ wo ni ọmọ yìí ń lò?"

Mo ní, "Ọwọ́ ọ̀tún. Mo tọ́ ọ."

Ó ní ó dáa, nítorí ọwọ́ kan ló ń tẹ okùn lọ́rùn gìtá, èkejì ló ń ta á, bí wọ́n sì ṣe to okùn fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún kọ́ ni wọ́n ṣe ń tò ó fún ọlọ́wọ́ òsì. Ó fi ọ̀kan hàn mí lára ògiri, ti ọlọ́wọ́ òsì, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ láti ọdún méjì, aṣọ mọ́kànlá lòun máa gbà bí ẹnikẹ́ni bá lè gbé e kúrò lọ́rùn òun. Mo tilẹ̀ bá a kẹ́dùn ọjà tó jókòó tì í.

Ọ̀rẹ́ mi, èsì tí mo fún bàbá náà, òótọ́ ni, irọ́ sì ni. Nígbà tí ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ mi, òsì ló fi ń kọ̀wé, òun ló fi ń jẹun, òun ló fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi. N kò nà án, n kì í na ọmọ. Mo kàn ń wò ó ni. Bó bá ti na òsì, n ó dákẹ́, n ó máa wo ọwọ́ náà títí yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, kò na òsì mọ́ níwájú mi. Inú mi dùn. Mo ní ìyá rẹ̀ ló kẹ́ ẹ bà jẹ́.

Mo gbé gìtá náà fún un lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó jókòó, ó gbé e lé itan, ó kọ ọrùn rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ó wá gbójú sókè, ó rí mi. Mo kàn ń wò ó. Ó yí gìtá náà padà, ó fa okùn méjì mẹ́ta, ó ní ó dáa gan-an, ma, ó sì gbé e ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni mo ń bá a lójoojúmọ́ tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé. Ọ̀sẹ̀ kan, méjì, márùn-ún, n kò gbọ́ orin. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo sọ fún un pé aṣọ mẹ́rìndínlógún ló ń sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ọrùn sì dùn mí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ní kí n má bínú, òun ń kọ́ ọ. Mo ní níbo? Ó gbé ìgbálẹ̀, ó lọ gbálẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíṣà gbé ṣòkòtò wá kí n bá a pààrọ̀ síìpù. Ó bèèrè gìtá, mo rojọ́ fún un. Ó ní ṣé kì í ṣe ti ọlọ́wọ́ òsì ni mo rà? Ó ní òun fúnra òun ló tú okùn ti iléèwé, tó tún un tò nítorí ọmọ náà, kò sì wá sí òun lọ́kàn láti sọ fún mi. Ó ní ta ni kò mọ ọwọ́ tí ọmọ ilé rẹ̀ ń lò? Mo ní ọ̀tún ló ń lò nílé. Ó gbé ṣòkòtò náà sílẹ̀.

"Ìyá, ta ló yí ọwọ́ ọmọ yìí padà?"

Mo ní síìpù á yá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹlẹ́rìn-ín, ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́dún tí àbúrò mi wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Oṣù mẹ́rin péré ló lò. Gbogbo ohun tó bá gé ló ń wọ́. Mo pè é lọ́lẹ, mo ní ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, mo yọ owó aṣọ mẹ́ta tó bà jẹ́ nínú owó oúnjẹ rẹ̀. Ó lọ di ẹni tó ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì, inú omi tútù ló wà títí àyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ọlọ́wọ́ òsì ni òun náà. Èmi ni màmá wa máa ń ní kí n fi ìrépé aṣọ so ọwọ́ náà mọ́ ẹsẹ̀ àga bó bá fẹ́ jẹun. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí wọ́n fi í júwe ilé fún tí kò débẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n rọ gbogbo àlùmọ́gàjí mi fún. Mo mọ̀ ọ́n. Télọ̀ wo ni kò mọ̀? N kò ṣírò rẹ̀ ni, èmi tí mò ń ṣírò gbogbo nǹkan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí ọmọ náà ṣe lọ ra búrẹ́dì, mo gbé gìtá, ó di ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó. Mo ní kó fún mi ní ti ara ògiri. Ó ní wọ́n ti rà á lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó ní òun lè to okùn tèmi sí òdìkejì, kí òun sì gbẹ́ egungun kékeré tó gbé okùn ró lọ́rùn rẹ̀ ní tuntun, aṣọ méjì. N kò ná an. Ó bèèrè bóyá ara mi yá.

Ọ̀sán ni mo gbé e délé. Mo fọwọ́ ara mi gbé e lé e nítan, mo kọ ọrùn rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Mo bẹ̀ ẹ́. N kò bẹ ọmọdé rí, n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ní mo ṣẹ ìyá rẹ̀, mo sì ṣẹ òun náà, kó máa ta gìtá rẹ̀ bó ṣe ń ta á níléèwé.

Ó na ìka. Ìka kò mọ ibi tó ń lọ. Ó tún gbìyànjú, ó tún ṣìnà, ó dáwọ́ dúró. Ìgbà náà ló sọ ọ́ fún mi. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé gìtá náà fún un, bí mo bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á gbé e gun òkè ilé níbi tí a ń sá aṣọ sí, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí kò fẹ́ kí n gbọ́ ọ nígbà tí kò tíì dáa. Ó ku ẹsẹ kan péré nínú orin tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ bó bá ń fọ abọ́. Ọjọ́ Àìkú yìí ló fẹ́ kọ ọ́ fún mi. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ wò. Orí ìka òsì, tó fi ń tẹ okùn, ti yi bíi tèmi tí abẹ́rẹ́ ti gún láti ogójì ọdún. Ti ọ̀tún ti rọ̀.

Mo ti dìde. Mo ní lónìí olónìí, n ó lọ ní kí bàbá náà to okùn rẹ̀ padà bó ṣe wà. Ó di ẹ̀wù mi mú.

"Àǹtí, ẹ dúró."

Mo wá bi í, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mọ́kànlá, pé ọwọ́ wo ló fẹ́.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Mi ò mọ̀ mọ́, ma."

Ó sì sun ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ̀. Èmi náà sun tèmi.

Ọjọ́ kẹfà nìyí. N kò gbé gìtá náà lọ ibì kankan, n kò sì bi í mọ́. Mo kàn sọ fún un pé owó aṣọ méjì bàbá arúgbó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, kó fi ní kí wọ́n to okùn sí apá tó bá wù ú, lọ́jọ́ tó bá wù ú. Bó bá ní kí wọ́n yí i padà nígbà mẹ́wàá, ogún aṣọ ni. N ó rán an.

Bá mi kí baba ọmọ, bá mi kí gbogbo ilé. Má fi orúnkún yẹn gun àtẹ̀gùn jù. Bí àwọn ọmọ-ọmọ bá na ọwọ́ sí ọ, èyíkéyìí tí wọ́n bá nà, gbà á.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti ìdí máṣíìnì,

Oníṣírò.