Ìgbànú Tí A Kò Fà Wò

Ojúlé Kẹsàn-án,
Rumuodara,
Port Harcourt.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2024.

Ọ̀gá Àgbà,
Ọ́fíìsì Ààbò Òṣìṣẹ́,
Rumuola,
Port Harcourt.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ DÁ ÌGBÀNÚ ILÉ-IṢẸ́ TONBEL DÚRÓ KÍ ẸNÌKAN TÓ JÁBỌ́

1. Aránṣọ ni mí ní Ilé-iṣẹ́ Tonbel, ní Rumuokoro. Ìgbànú tí àwọn tó ń gun òpó tẹlifóònù fi ń so ara wọn mọ́ òkè là ń rán.

2. Àwa aránṣọ ní àṣà kan. Bí ẹnì kan bá rán ìgbànú tán, yóò pe ẹnì kejì, wọn á fi ẹsẹ̀ ti ẹsẹ̀, wọn á sì fà á tagbáratagbára. Èyí tó bá tú, a ó tún un rán. Alhaji Zakariyya, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó kọ́ wa níṣẹ́, ló fi í lélẹ̀.

3. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Dagogo di máníjà, ó gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kọ́ ara ògiri. Orúkọ gbogbo wa wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye ìgbànú tí kálukú rán. Bí ẹnìkan bá dìde nídìí máṣíìnì, orúkọ rẹ̀ á pọ́n. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ́n jù, wọn á ní kó máa lọ ilé. Bẹ́ẹ̀ ni Kafilat ṣe lọ, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ jù nínú wa.

4. Alhaji ṣàlàyé pé fífà yẹn gan-an ni iṣẹ́. Èsì tí máníjà fún àgbàlagbà náà ni: “Alhaji, wetin television no count no be work.” Alhaji fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwa tó kù kò fa ìgbànú mọ́, ẹ̀rù ń bà wá. Èmi kì í mu omi níbi iṣẹ́ mọ́, kí n má baà dìde lọ ilé ìtọ̀.

5. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná lọ, tẹlifíṣọ̀n náà sì kú. Èmi àti Shakirat yára fa ọ̀kan wò nínú ìgbànú tí wọ́n fẹ́ kó lọ. Ó já. A mú òmíràn, òun náà já. Bí iná ṣe dé, mo sọ fún máníjà. Ó ní kí n lọ jókòó, orúkọ mi ti ń pọ́n. Wọ́n sì kó ìyókù sínú ọkọ̀.

6. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán ènìyàn wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n mú ìgbànú yòówù, kí wọ́n fà á.

7. Mi ò fẹ́ fi orúkọ sí lẹ́tà yìí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lánàá ni Afeez, àbúrò mi tó ń gun òpó tẹlifóònù, pè mí pé wọ́n ti fún àwọn ní ìgbànú tuntun, ti Tonbel, àti pé òun yóò gun òpó lọ́jọ́ Ajé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má gùn ún. Ó ní bí òun kò bá gùn, orúkọ tòun náà á pọ́n lára tẹlifíṣọ̀n ibi iṣẹ́ àwọn.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó di ọjọ́ Ajé.

Èmi ni tiyín tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀,

Halimah Ṣéhù
Aránṣọ