Ẹ̀jẹ̀ tí Mùtíátù rí nínú itan Àyìndé

Rájí àbúrò mi,

Èmi Àṣàbí ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń kọ̀wé yìí láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, n kò sì gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ ní Kánádà. Orúnkún ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n òrùlé wa kò jò mọ́.

Bàbá tó ń wọ́ra, tí o ní kó wá wo itan Àyìndé ọmọ mi tó wú, dé lóòótọ́. Ó ti bu òrí sọ́wọ́ nígbà tí Mùtíátù ọmọ mi obìnrin wọlé.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án! Ṣé ẹ ti gbàgbé pé ẹ̀jẹ̀ bùrọ̀dá kì í dá ni?"

Ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó fi nǹkan tútù pa itan náà, ó ń fi ẹ̀rọ kékeré kan rìn lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Lójú tẹlifíṣọ̀n ẹ̀rọ náà ni mo ti rí i: ẹ̀jẹ̀ ló dà sínú ẹran itan rẹ̀. Ká ní wọ́n wọ́ ọ ni, ìbá tún ya sí i. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Àyìndé ti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Ọmọ tí èmi bí ló rí i, Rájí!

Ọlọ́run á ṣọ́ gbogbo yín. Nígbà tí mo ta yẹtí góòlù mi torí ìwé Mùtíátù, o rẹ́rìn-ín, o ní bí ìwé obìnrin bá wúlò nílé wa, wàá ra àgbò fún mi. Ó ti wúlò. Ra àgbò mi.